Àwọ̀ Búlúù Tí Kò Mọ Aró

Láti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà tí wọ́n ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé, òdì ni ojú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè jáde ní títọ́ lórí bébà. Òjé tí yóò tẹ b, bí d ni yóò rí lójú ẹni tí kò mọṣẹ́. Bí a ti wù kí a yí òjé náà sí, ọ̀kan kò lè di èkejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣe é wọ̀ sí ti òsì. Ohun tí ó bá yàtọ̀ sí àwòrán ara rẹ̀ nínú dígí báyìí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní chiral, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ọwọ́. Èmi tí mo ń kọ́ni ní èdè yóò pè é ní ohun ọlọ́tùn-ún-lósì.

Kí ni èyí kan àwọ̀? Èso igbó kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí ń jẹ́ Pollia condensata. Búlúù rẹ̀ ń dán gbinrin, síbẹ̀ kò sí aró búlúù kankan nínú èèpo rẹ̀. Ní 2012, Silvia Vignolini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Fọ́nrán cellulose, èyí tí ó wà nínú igi àti òwú, ni ó tò ní ìpele-ìpele níbẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí àtẹ̀gùn tí ó ń yí lọ sókè. Bí yíyí náà bá há, búlúù ni yóò tàn padà. Bí ó bá fẹ̀ sí i, àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà pupa. Èso tí a ká ní Ghana ní 1974 kò tíì ṣá nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ta ni ó ń tò ó? Òun fúnra rẹ̀ ni. Ní 1992, Derek Gray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì fọ́ cellulose sí ọ̀pá wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, tí a sì dà á sínú omi, àwọn ọ̀pá náà yóò to ara wọn ní yíyí. Bí omi bá gbẹ, awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ mèremère ni yóò kù.

Ọ̀nà òsì ni yíyí yìí ń gbà, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ń yí sí òsì nìkan ni ó ń dá padà. Bí a bá fi asẹ́ tí ń gba ti ọ̀tún nìkan láàyè wò ó, àwọ̀ náà yóò pòórá. Ayédèrú tí a fi yíǹkì tẹ̀ kò ní pòórá rárá. Ẹ wá ro ohun tí irú àmì bẹ́ẹ̀ lè ṣe lára páálí oògùn, níbi tí ayédèrú ti ń pa ènìyàn.

Àjákù bébà Ṣómólú, cellulose ni. Lẹ́búlẹ́bú pákó etí ọ̀sà, tí a ti ń sun láti ọjọ́ pípẹ́, cellulose wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe iṣẹ́ ìdáná: ásíìdì léwu, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ yíǹkì àti oje igi kúrò. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Èkó ní Akọkà kò jìnnà sí Bàrígà. Bí atẹ̀wé àti onímọ̀ bá lè jókòó pọ̀, èéfín lè di èrè. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.