Fífi Iná Mànàmáná Ka Sẹ́ẹ̀lì Inú Ẹ̀jẹ̀: Ọgbọ́n Ẹ̀rọ Olówó Pọ́ọ́kú

Ní oríta Papalanto, níbi tí ọ̀nà Ìlaròó ti ya kúrò lára ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé tírélà tí ó ru sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò ń dí ojú ọ̀nà ju ọ̀kadà lọ. Ìlànà tí a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì kò jìnnà sí èyí. Omi iyọ̀ a máa gbé iná mànàmáná kọjá. Awọ ara sẹ́ẹ̀lì, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀, kì í jẹ́ kí iná kọjá bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi omi iyọ̀ la ẹ̀jẹ̀, tí a jẹ́ kí ó gba ihò tín-ínrín tí iná ń kọjá nínú rẹ̀, iná náà yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá wọlé. Iye ìgbà tí ó lọ sílẹ̀ ni iye sẹ́ẹ̀lì. Bí ó ṣe lọ sílẹ̀ tó ni ó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe tóbi tó.

Wallace Coulter, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní 1953. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé abẹ́rẹ́ gbígbóná ni ó fi lu ihò àkọ́kọ́, sára ọ̀rá tí a fi ń wé páálí sìgá.

Ṣùgbọ́n iná nìkan kò lè ya sẹ́ẹ̀lì funfun méjì tí wọ́n tóbi bákan náà sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn HIV nílò iye CD4 gan-an. Bí ti àgbàlagbà bá dín sí 200 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, àjọ WHO ka àìsàn náà sí èyí tí ó ti wọra. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Illinois ka sẹ́ẹ̀lì ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gba yàrá kékeré tí èròjà ara rẹ̀ ń di CD4 mú, wọ́n sì ka àwọn tí ó jáde. Ìyàtọ̀ iye méjèèjì ni CD4: ìṣirò ìyọkúrò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀!

Ní 2017, àwọn ti Yunifásítì Stanford fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán àti tàdáwà tí ń gbé iná tẹ ọ̀nà iná sórí ike pẹlẹbẹ. Nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni ó gbà, owó rẹ̀ sì lè mọ ní sẹ́ǹtì kan. Kí a má ṣì í gbọ́ o: ike náà ni sẹ́ǹtì kan, kì í ṣe ẹ̀rọ tí yóò ka èsì rẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ amúnáwá Olórunṣògo tilẹ̀ wà ní Papalanto, iná ìjọba kì í dúró ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tí bátìrì lè gbé ni yóò wúlò fún ilé ìwòsàn kékeré. Ìṣòro tí ó kù ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Ìdì kan ṣoṣo tó láti dí ihò náà pa, ìdí sì nìyí tí owó pọ́ọ́kú fi ṣe kókó: èyí tí ó bá dí, a ó sọ ọ́ nù, a ó mú òmíràn.