Iṣẹ́ Denis Noble Lórí Bí Ọkàn Ṣe Ń Lù

Bí a bá yọ ọkàn ẹran kúrò láyà rẹ̀, kì í dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò ṣì máa lù fún ìgbà díẹ̀. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọpọlọ ní ń pàṣẹ lílù fún un. Ta wá ni aláṣẹ? Ìbéèrè yìí ni Denis Noble, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1936, dojú kọ ní University College, Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó ń ṣe ìwádìí lábẹ́ Otto Hutter.

Ní 1952, Hodgkin àti Huxley ti fi ìṣirò ṣàlàyé bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú iṣan squid, ẹran omi òkun kan, kọjá. Ẹ̀rọ afọwọ́yí ni Huxley fi ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ti ọkàn kò ṣeé fọwọ́ yí bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbì iná kan ṣoṣo nínú ọkàn a máa pẹ́ ju ti iṣan lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Noble bá tọ Mercury lọ, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá tí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ń lò. Aago méjì sí mẹ́rin òru ni wọ́n yọ̀ǹda fún un. Láti ibẹ̀ ni yóò gba ilé ìpẹran lọ wá ọkàn àgùntàn tí yóò fi ṣe àyẹ̀wò lójú ọ̀sán.

Àwọn olùtọ́jú ẹ̀rọ náà ti kọ́kọ́ bi í pé níbo ni ohun tí ń fa lílù náà wà nínú ìṣirò rẹ̀. Kò sí. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò ju bí àwọn ihò ara awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣí tí wọ́n sì ń padé lọ: agbára iná ní ń ṣí wọn, sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù a gba ibẹ̀ kọjá, ìkọjá wọn a sì yí agbára iná kan náà padà. Láti inú àyípoyípo yìí ni lílù ti jáde. Kò dà bí ẹgbẹ́ onídùndún tí ìyáàlù ń darí. Omele ni gbogbo wọn. Ìwé ìròyìn Nature gbé èsì náà jáde ní 1960, àlàyé kíkún sì tẹ̀lé e ní 1962.

Síbẹ̀, ibi tí iṣẹ́ yìí ti níye lórí jù ni ibi tó ti kùnà. Noble gbà pé ìṣàn pòtásíọ̀mù tí ń jáde, tó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ń mú ọkàn múra fún lílù mìíràn. Ìṣirò rẹ̀ sì bá ohun tí ojú rí mu. Ní 1981 Dario DiFrancesco, ará Ítálì, fi hàn pé òdì kejì ni: ìṣàn tó ń wọlé ni, tí sódíọ̀mù wà nínú rẹ̀, tó sì ń lágbára sí i. Ní 1985, nígbà tí Noble ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, àwọn méjèèjì jọ gbé ìṣirò tuntun jáde.

Nínú ìwé rẹ̀ The Music of Life, tó jáde ní 2006, Noble fa ọ̀rọ̀ náà dé orí jíìnì, ó ní òun náà kì í ṣe aláṣẹ ara. Èyí ṣì ń fa àríyànjiyàn. Ti ìṣàn tó ń wọlé kò ní iyàn nínú: ivabradine, oògùn tí ń dín ìyára ọkàn kù, tí Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2005, òun gan-an ló ń dí lọ́nà.