Iná ìta tó ti gbó: ohun tó yẹ kí ẹ pa kí ẹ tó gun àkàbà

Ní ọ̀pọ̀ ojúlé ní Ṣáṣá, láti ọ̀nà Akówonjo títí dé ìhà Ẹgbẹ́dá, iná kan wà lẹ́nu géètì tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò àfìgbà tó bá kú. Gíláàsì rẹ̀ ti pọ́n, òkú kòkòrò kún inú rẹ̀, ọmọnílé ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Bí òjò oṣù kẹfà, tó máa ń pọ̀ jù lọ ní Èkó, bá dé, iná náà á máa ṣẹ́jú, tàbí kó máa já fíùsì gbogbo ilé. Ọ̀dọ́kùnrin kan á wá ní òun lè pààrọ̀ rẹ̀ báyìí báyìí, ṣebí NEPA ti mú iná lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Orúkọ NEPA ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́: PHCN rọ́pò rẹ̀ ní 2005, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá 2013, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni gba iṣẹ́ pínpín iná. Ikeja Electric ló ń pín in ní Ṣáṣá. Àmọ́ èrò wa kò yí padà: bí iná bá ti lọ, a gbà pé wáyà ti di okùn lásán. Iná tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa á lè dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà nínú họ́dà, kò sì ní kan ilẹ̀kùn.

Ilé Èkó kì í sì í gba iná láti ibì kan ṣoṣo. Jẹnẹrétọ̀ wà, ínfátà wà, sólà ń pọ̀ sí i. Bí iná ìta bá wà lára àwọn tí ínfátà ń gbé, bí ti NEPA ṣe ń lọ ni ínfátà ń rán tirẹ̀ sí wáyà náà. Nínú ilé tí ayálégbé mẹ́rin márùn-ún ń gbé, tí kálukú ní mítà tirẹ̀, iná ẹnu géètì lè wà lórí mítà onílé, ó sì lè jẹ́ pé yàrá iwájú ni wọ́n ti fà á láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ló ń sanwó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá bréékà tàbí fíùsì iná ìta náà gan-an, kí ẹ pa á. Ẹ gbé changeover, ìyẹn súíìsì tó ń yàn láàárín iná NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀, sí àárín, ẹ pa ínfátà, ẹ sọ fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá yọ fíùsì, kó fi sínú àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan tẹ́sítà, tí ẹ ó fi wo bóyá iná ṣì wà nínú wáyà, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́dọ̀ dán an wò níbi tí iná wà kí ẹ tó pa ohunkóhun, torí tẹ́sítà tó ti bàjẹ́ náà kì í tàn.

Súíìsì ara ògiri kò tó. Orí wáyà live, èyí tí iná ń gbà wọlé, ló yẹ kí súíìsì wà. Àwọn oníṣẹ́ kan a máa fi í sórí neutral, èyí tí iná ń gbà padà. Gílóòbù á kú lóòótọ́ bí ẹ bá pa súíìsì, àmọ́ iná ṣì wà nínú họ́dà. Bí gílóòbù LED bá ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì fi àwọ̀ wáyà búra. Nínú ilé àtijọ́, pupa ni live, dúdú ni neutral. Nínú ti ìsinsìnyí, live jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, neutral jẹ́ búlúù. Ẹni tí wáyà pupa tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà lè ti fi dúdú parí iṣẹ́.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi le tó bẹ́ẹ̀? Gílóòbù wáàtì 60 kan lórí iná fóòtì 230 ń lo nǹkan bíi mílíámpù 260. Ohun èlò ààbò tí wọ́n ń pè ní RCD ń já iná bí mílíámpù 30 péré bá ń sá gba ibi tí kò yẹ, torí èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ara ènìyàn lè da lílù ọkàn rú. Fíùsì lásán kò lè mọ̀ pé ènìyàn ni iná ń gbé. Ara tó tutù àti àkàbà onírin tún ń ṣínà fún un. Àkàbà onígi ni kí ẹ lò, kí ilẹ̀ sì gbẹ.

Bí ẹ bá ń ra iná ìta tuntun, ẹ wo nọ́ńbà IP lára rẹ̀, èyí tó ń sọ bó ṣe lè dènà eruku àti omi tó. Nínú IP65, 6 ń sọ pé eruku kò lè wọlé, 5 sì ń sọ pé ó lè fara da omi tó ń tú sí i lára. IP44 tó fún abẹ́ òrùlé. Ẹ jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀, kí omi òjò lè kán síbẹ̀.

Nípa gílóòbù, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ti àtijọ́ ń sọ nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń jẹ di ooru. LED funfun wá látara LED aláwọ̀ búlúù tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Bí gílóòbù wáàtì 60 bá tàn fún wákàtí 12 lálẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, yúnììtì 21.6 ló jẹ. Lórí ₦225 fún yúnììtì kan tí wọ́n kéde fún Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná gbà jù, ní oṣù kẹrin 2024, tí wọ́n dín díẹ̀ lẹ́yìn náà, ₦4,860 nìyẹn. LED wáàtì 9 tó ń tàn bíi tirẹ̀ á jẹ ₦729.

Ọ̀pọ̀ ní àwọn á kúkú ra ti sólà. Ó dáa, àmọ́ ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn tó ń bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 1,000. Páńẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú àti lóròó á gba 90 nínú rẹ̀. Bó bá dáa, á sọ ìdá kan nínú márùn-ún di iná, ìyẹn wáàtì 18. Bí oòrùn bá mú dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, ohun tó kó jọ á gbé iná wáàtì 6 fún wákàtí 12. Wáàtì 300 tí wọ́n máa ń kọ sára páálí? Irọ́ ni. Bí ọyẹ́ bá sì dé, ẹ máa nu eruku ojú páńẹ́ẹ̀lì náà.

Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan, NEMSA, tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, tó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀yin onílé, ẹ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá pè, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fúnra yín, torí iná ẹnu géètì jẹ́ ara ilé. Ẹ má rán ọmọ ilé gun àkàbà nítorí àtidín owó kù.