Ibi Tí Yàrá Wà Nínú Ọkọ̀

"Dádì, ẹ kú alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, yàrá wo ni ká mú?"

Ọmọ mi obìnrin ló pè láti Peckham. Òun àti ọkọ ẹ̀ fẹ́ wọ ọkọ̀ fàájì láti Southampton lọ sí erékùṣù Canary, ọ̀rọ̀ yàrá sì ti di ìjà láàárín wọn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ ẹ̀ fẹ́ èyí tó ní bálíkónì lókè téńté, níwájú ọkọ̀ gan-an. Òun fẹ́ èyí tówó ẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé, torí jẹnẹrétọ̀ kóòdù-rúùmù ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ìjọra-Ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́.

Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n bi. Mo ṣe sítúwádì nínú Aureol ní ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn iṣẹ́ ẹ̀: èmi ni mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí mò ń gbé tíì àárọ̀ kiri, tí mo sì ń da ike èébì nù. Ọkọ̀ funfun ni, ilé iṣẹ́ Elder Dempster ló ni ín. Glasgow ni wọ́n ti kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951, wọ́n sì fi òkè tí Fourah Bay College wà ní Freetown sọ ọ́ lórúkọ. Ipò kìíní nìkan gba èrò tó lé ní 200. Nǹkan bí ọjọ́ 13 ló ń lò láti Àpápá dé Liverpool. Lọ́dún 1972 ni wọ́n gbé e kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton, ibi tí ọmọ mi náà ti fẹ́ gbéra yìí. Nígbà tó fi di 1974, bàálù ti gba èrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ike èébì yẹn ló kọ́ mi níwèé. Ìgbì Biscay, létí ilẹ̀ Faransé, kì í bẹ̀rù olówó. Ọkọ̀ á ṣe bíi jáńgílófà: orí lọ sókè, ìdí wá sílẹ̀, àárín ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú dánfó tó já sí kòtò lọ́nà Àpápá mọ ohun tí mò ń wí. Bí yàrá bá sì ṣe ga tó ni fífì ẹ̀ ṣe ń le tó. Ẹni tí òkun máa ń kọ́ lóòyì, àárín ọkọ̀ ni kó mú, kó sì sún mọ́ omi. Ọkọ̀ òde òní ní lẹbẹ bíi tẹja lábẹ́ tó ń dín fífì kù. Ó ń dín in kù ni o, kò pa á.

Mo wá ní kó ṣí àwòrán ìpele ọkọ̀ náà lórí fóònù, kó wo ohun tó wà lókè yàrá àti ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Fọ́tò bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, bẹ́ẹ̀dì ò sì níṣòro. Bí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ bá wà lókè yín, wọ́n á ti máa wọ́ àga kiri kílẹ̀ tó mọ́. Bí ilé ijó bá wà lábẹ́, ó dìgbà tí ìlù bá dákẹ́. Ìdí ọkọ̀ nísàlẹ̀, níbi tí àjẹ̀ onírin ti ń yí, mo sùn síbẹ̀ fóṣù mẹ́rin nínú ọkọ̀ ẹrù kan lẹ́yìn Aureol, eyín mi ń gbọ̀n. Òun ni mo fi ń rí oorun sùn ní Ìjọra. Yàrá tí yàrá wà lókè ẹ̀, tí yàrá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ wá.

Ó ní èyí tówó ẹ̀ kéré jù ò ní fèrèsé. Kò burú fún olóorun, ṣùgbọ́n tí òòyì bá dé, ojú a máa wá ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run, ògiri ò sì ní fi í hàn án. Òmíràn wà tó ní fèrèsé, àmọ́ ọkọ̀ agbẹ̀mílà ni wọ́n so síwájú ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, owó á dín kù, ẹ ò kàn ní rí òkun. Èmi fẹ́ràn irú ẹ̀.

Nígbà tiwa, èrò ń sá fún oòrùn ni. Tá a bá kúrò ní Freetown tá a dorí kọ Las Palmas, ọwọ́ òsì ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, àwọn tó mọ̀nà á ti bẹ̀bẹ̀ fún yàrá ọ̀tún. Ọmọ mi ń lọ sí gúúsù, ọwọ́ ọ̀tún ló máa pa tirẹ̀. Ó ní oòrùn yẹn gan-an lòun ń sanwó fún. Ayé!

Ọkọ ẹ̀ gba fóònù. "Ẹ kú alẹ́ sà. Ṣé kì í ṣe iwájú lèèyàn ti ń rí òkun dáadáa ni?"

Mo bi í pé, "Ọkọ ọmọ mi, ọkọ̀ ojú omi wo lo ti wọ̀ rí?"

Ó ní èyí tó ń lọ láti Àpápá sí Marina ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, òun sì bì.

Mo dákẹ́. Mo gbọ́ tí ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní ìpele kẹrin, àárín ọkọ̀, fèrèsé róbótó.