Ogun Kádéṣì Lórí Tábìlì: Ẹjọ́ Tí Fáráò Nìkan Rò

Wọ́n tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sórí tábìlì kan. Ọ̀já aláwọ̀ aró kan là á já: odò Orontes nìyẹn, ní ilẹ̀ Síríà. Òkìtì kékeré kan wà lẹ́bàá odò náà: ìlú Kádéṣì nìyẹn. Àgbàlagbà méjì dojú kọ ara wọn ní ìhà méjèèjì tábìlì. Ọ̀kan mú rúlà lọ́wọ́, èkejì ń mi dáìsì olójú mẹ́fà, irú èyí tí a fi ń ta lúdò. Níwájú wọn ni àwọn jagunjagun tí a fi òjé àti ike ṣe tò sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sí èyí tí ó ga ju ìka ọwọ́ lọ nínú wọn, ẹṣin méjì-méjì sì ń fa kẹ̀kẹ́ ogun wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò pè é ní eré ọmọdé. Bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ kan tí ó ti ju 3,000 ọdún lọ ni àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí jókòó láti tún gbọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1274 ṣáájú ìbí Kristi ni Ramesses Kejì, Fáráò ilẹ̀ Íjíbítì, kó ogun lọ sí Kádéṣì. Ọdún karùn-ún rẹ̀ lórí oyè nìyẹn. Ẹni tí wọ́n jọ ń du ìlú náà ni Muwatalli Kejì, ọba àwọn ará Hítì, tí ilẹ̀ wọn wà ní ibi tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Orúkọ wọn kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Ùráyà nínú Bíbélì. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni Fáráò pín ọmọ ogun rẹ̀ sí, ó sì fi orúkọ àwọn òrìṣà ilẹ̀ rẹ̀ pè wọ́n: Amun, Re, Ptah àti Seth. Òun àti Amun ni ó ṣáájú. Àwọn mẹ́ta yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì jìnnà sí ara wọn.

Lójú ọ̀nà ni àwọn darandaran méjì ti wá bá a. Wọ́n ní ẹ̀rù Fáráò ti ba ọba Hítì, ó sì ti fà sẹ́yìn títí dé ìlú Aleppo. Irọ́ ni, Muwatalli ni ó rán wọn. Fáráò gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ó yára lọ pa àgọ́ sí ìtòsí Kádéṣì, kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ìlú náà gan-an ni ọ̀tá lúgọ sí. Ìgbà tí wọ́n mú amí Hítì méjì, tí wọ́n fi ẹgba bá wọn sọ̀rọ̀, ni òtítọ́ tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kẹ̀kẹ́ ogun 2,500 ya lu ọ̀wọ́ Re bí ó ti ń rìn bọ̀, wọ́n sì tú u ká bí ìyàngbò nínú ìjì, wọ́n lé àwọn tí ń sá wọ àgọ́ Fáráò.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ramesses kọ èsì rẹ̀ sára ògiri tẹ́ńpìlì ní Karnak, ní Luxor, ní Abydos àti ní Abu Simbel. Ó ní gbogbo ènìyàn sá fi òun sílẹ̀. Ó ní òun nìkan, pẹ̀lú ẹṣin òun méjì àti Menna tí ń di asà òun mú, ni òun fi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀tá sínú odò.

BÍ A ṢE Ń TÚN OGUN JÀ

Eré ogun orí tábìlì kì í ṣe nǹkan àná. Láti ọdún 1824 ni àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ Prussia ti ń fi irú rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ogun. Ní ọdún 1913, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, H. G. Wells, ṣe ìwé Little Wars, tí ó fi ìlànà irú eré bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ológun. Ní ọdún 1965, àwọn tí ogun ayé àtijọ́ wù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ Society of Ancients sílẹ̀.

Ìṣirò ni ó wà nídìí eré náà. Bí a bá ní kí kẹ̀kẹ́ kan lórí tábìlì dúró fún 50, kẹ̀kẹ́ 2,500 ọba Hítì di 50. Rúlà ni a fi ń wọn ibi tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lè rìn dé. Kẹ̀kẹ́ yára ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n igbó àti etí odò a máa dá a dúró. Kẹ̀kẹ́ Íjíbítì gba ènìyàn méjì, ó fúyẹ́, ọfà ni ó gbójú lé. Ti Hítì gba ènìyàn mẹ́ta, ìfarakanra sì ni ó dára fún. Nígbà tí ọ̀wọ́ méjì bá pàdé, a ó ka agbára wọn, a ó sì da dáìsì, nítorí kò sí ogun tí kò ní ti kádàrá nínú.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹni tí ó jókòó sí àyè Fáráò lónìí ti ka ìtàn. Báwo ni yóò ṣe tún gba darandaran gbọ́? Nítorí náà, àwọn kan a máa bẹ̀rẹ̀ eré láti ìgbà tí pàkúté ti mú ọ̀wọ́ Re. Àwọn mìíràn a yan onídàájọ́ kan, tí yóò yí orúkọ ìlú àti ti ọba padà, kí Fáráò má baà mọ ogun tí òun ń jà títí ọ̀tá yóò fi yọ sí i.

OHUN TÍ TÁBÌLÌ FI HÀN

Ibi tí eré náà ti wúlò jù ni pé kò gba ìyangàn. Bí a bá fún Ramesses ní agbára tí ó pè ní tirẹ̀, òun nìkan yóò pa ogun Hítì run, eré sì ti bàjẹ́. Bí a bá fún un ní agbára ènìyàn, àgọ́ rẹ̀ yóò ṣubú, àfi bí ìrànlọ́wọ́ bá ti ibòmíràn wá. Ẹni tí ó ń ṣètò eré ní láti wá ìrànlọ́wọ́ náà rí.

Ara ògiri Fáráò kan náà ni ó sì ti ń rí i. Nínú àwọn àwòrán tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí a ń pè ní Ne'arin gba ọ̀nà ilẹ̀ Amurru dé, wọ́n sì bá àwọn ará Hítì nínú àgọ́. Ọ̀rọ̀ ìyìn gígùn tí ọba ní kí wọ́n kọ kò fún wọn ní ọpẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àwòrán kò lè pa á mọ́. Àwọn onímọ̀ sì gbà pé ìkógun inú àgọ́ gbà wọ́n lọ́kàn, wọ́n gbàgbé ọ̀tá. Nítorí náà ni ìlànà eré fi máa ń sọ pé kí a da dáìsì nígbà tí kẹ̀kẹ́ Hítì bá wọ àgọ́, bóyá wọn yóò jà tàbí wọn yóò kó ẹrù; kí a sì tún dà á láti mọ ìgbà tí Ne'arin yóò dé.

Ẹni tí ó jókòó sí àyè Muwatalli náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Fáráò ní 37,000 ẹlẹ́sẹ̀ wà lọ́wọ́ ọba Hítì ní òdìkejì odò, tí wọn kò sì jà. Kí ló dé? Ṣé odò kò jẹ́ kí wọ́n kọjá ni? Ṣé ìjà ńlá kọ́ ni ọba rán kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ jà? Àbí Fáráò ni ó bù mọ́ iye ọ̀tá kí ògo rẹ̀ lè pọ̀? Rúlà àti dáìsì kò lè dáhùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jókòó sí àyè ọba Hítì lè má ronú láti bèèrè rárá.

Ó pẹ́ kí ayé tó gbọ́ ẹnu ìhà kejì. Láti ọdún 1906 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń hú wàláà amọ̀ jáde ní Boğazköy, níbi tí Hattusa, olú ìlú Hítì, wà nígbà àtijọ́. Àwọn ará Hítì sọ níbẹ̀ pé Fáráò ni ó fà sẹ́yìn, tí àwọn sì lé e títí dé agbègbè Damásíkù. Kádéṣì sì wà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ogun náà. Ní nǹkan bí ọdún 1259 ṣáájú ìbí Kristi, Ramesses àti Hattusili Kẹta, àbúrò Muwatalli, dá májẹ̀mú àlàáfíà. Ẹ̀dà májẹ̀mú náà tí ìjọba Tọ́kì fi ta Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́rẹ ní ọdún 1970 wà ní ilé àjọ náà ní New York.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn àgbàlagbà méjì náà yóò kó ọmọ ogun wọn padà sínú àpótí. Bí wọ́n bá tún pàdé, ó lè jẹ́ pé wọn yóò pààrọ̀ àyè: Fáráò àná yóò di ọba Hítì. Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú onílùú rí mọ̀ pé ogun tí wọ́n fi ń yangàn ní ilé baba tirẹ̀, ẹkún ni wọ́n fi ń sọ ọ́ ní ilé kejì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.