Ìgbín, òkété, akíkà: ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀kọ́ ẹranko igbó ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọmọ ọdún márùn-ún ní Pobè tàbí Sakété ní orílẹ̀-èdè Benin ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá, ó sì ti jẹ ẹran ọ̀yà nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ọ̀yà ń sùn? Ìgbà wo ló ń jáde? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí igbó tí òbí wọn àgbà fi ń kọ́ni ti di kékeré.

Ibo ni igbó kù sí?

Láàárín Gánà àti Nàìjíríà, igbó kìjikìji já. Ọ̀dàn ló gba ilẹ̀ dé etí òkun. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Àlàfo Dahomey. Igbó tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ wà káàkiri ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni igbó Pobè, tó wà ní ìhà ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí àwọn Faransé dá sílẹ̀ ní 1922. Àwọn mìíràn jẹ́ igbó orò, tí ìjọba Benin ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ní 2012. Wọ́n ní èèwọ̀ tiwọn, ọmọdé kì í ṣàdédé wọ̀ wọ́n. Nítorí náà, ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ọmọ lè ṣe?

Ìwé tí Anna Botsford Comstock kọ fún àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1911 dúró lórí ìlànà kan: kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí nǹkan kó tó kà nípa rẹ̀.

Fún irú ẹ̀kọ́ yìí, ìgbín ló rọrùn jù. Ẹ fi í sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní iyẹ̀pẹ̀ tútù, ẹ fún un ní ewé ìbẹ́pẹ, ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ kàn án. Ẹ fi ọ̀dà díẹ̀ sàmì sí etí ìkarahun rẹ̀. Bó bá ń dàgbà, ọmọ yóò rí i pé ìkarahun tuntun ń yọ kọjá àmì náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbín á fi itọ́ rẹ̀ dí ẹnu ìkarahun kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Gbogbo ìgbín ló jẹ́ akọ àti abo pọ̀.

Òkété kì í jáde lọ́sàn-án. Ẹ̀kùrọ́ tí òkété ti gé jẹ lábẹ́ ọ̀pẹ ni kí ọmọ wò, kó má ki ọwọ́ bọ ihò, nítorí ejò. Ojú òkété kò ríran dáadáa, imú rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí àjọ APOPO fi kọ́ ìbátan rẹ̀ ní Tànsáníà láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀. Magawa, ọ̀kan lára wọn, rí bọ́ǹbù 71 ní Cambodia, àjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020.

Akíkà kò ṣeé sìn nílé. Kò ní eyín, ahọ́n gígùn ló fi ń kó èèrà àti ikán jẹ, ìdí ìrù sì ni ó ń gbé ọmọ rẹ̀ sí. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè fòfin de òwò rẹ̀ láàárín ara wọn. Àwòrán àti ẹnu bàbá ọdẹ ni ọmọ yóò ti mọ̀ ọ́n.

Ìkìlọ̀

Ibà Lassa ti pa èèyàn ní Benin, èkúté tó ń wọlé ló ń gbé e kiri. Kí ọmọ máa wo eku àti àdán, kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Bó bá mú ìgbín, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọdẹ ìdílé jókòó ti ọmọ yín nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ilé ẹ̀kọ́ yóò kọ́ ọ ní orúkọ ẹranko lédè Faransé. Orúkọ wọn àti ìwà wọn lédè Yorùbá, iṣẹ́ ilé ni.