Kí A Tó Gbẹ́lẹ̀, Kí A Kọ́kọ́ Dán An Wò

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí ó ti gbọ́njú ní ọdún 1980 tí ó lè gbàgbé ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún náà. Nígbà tí omi tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kojú ìkún-omi ìlú náà. Owó yíyá ni. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Nítorí náà ni a ṣe ń bi àwọn aláṣẹ wa léèrè: kí a tó gbẹ́ odò tàbí kí a tó ṣe afárá, báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́?

Àwọn ará San Francisco ní Amẹ́ríkà ti dáhùn irú ìbéèrè yìí rí. Ọkùnrin kan, John Reber, dábàá pé kí a fi ìdènà ńlá méjì sé apá òkun tí ó wà létí ìlú wọn, kí omi ibẹ̀ lè di adágún omi tí kò níyọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun ilẹ̀ náà kò fi ẹnu lásán ṣe é. Ní ọdún 1957, wọ́n ṣe àwòṣe apá òkun náà sínú ilé ńlá kan ní Sausalito, wọ́n sì ń mú kí omi ṣàn nínú rẹ̀. Àwòṣe náà fi hàn pé àbá Reber kò lè ṣiṣẹ́. Wọn kò kọ́ ọ.

Ní ọdún 2000 ni a ṣíwọ́ fífi àwòṣe náà ṣe ìwádìí, nítorí kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fún kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n òjò, bí ilẹ̀ ṣe ga sí, ìbú odò àti àwọn ilé tí ó wà létí rẹ̀, a lè ní kí ó rọ òjò 1980 sórí Ìbàdàn ti òní. Yóò fi àdúgbò tí omi yóò dé hàn wá, bí a bá fẹ afárá kan tàbí bí a kò fẹ̀ ẹ́. A lè pe ìkún-omi náà wá nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹnikẹ́ni kò ní kú.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí a kò sọ fún un. Bí a kò bá ka ìdọ̀tí tí ó dí abẹ́ afárá, yóò sọ pé ilẹ̀ yóò gbẹ níbi tí omi yóò ti gbé wa lọ. Èrò tiwa ni pé kí a máa gbé irú àbájáde bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní gbangba, ní èdè Yorùbá, kí baálé ilé àti ìyálọ́jà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá arúgbó tí ó ti ń gbé etí odò láti ìgbà náà mọ ibi tí omi 1980 dé lára ògiri rẹ̀. Kí a gba ẹ̀rí rẹ̀ wọlé.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ kún inú kọ̀ǹpútà, kí ó má baà kún inú ilé wa.